Codependency

Codependency ni orúkọ tí àwọn tó ń tọ́jú ọ̀mùtí àti àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá fún irú ìbáṣepọ̀ kan, nínú èyí tí ẹnì kan ti fi títọ́jú, ṣíṣọ́ àti bíbo àṣírí ẹlòmíràn ṣe gbogbo ayé rẹ̀, títí inú dídùn àti iyì tirẹ̀ fi rọ̀ mọ́ bí onítọ̀hún bá ṣe jí lọ́jọ́ náà. Onítọ̀hún sábà máa ń jẹ́ ọ̀mùtí tàbí ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún. DSM, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, kò kà á sí àìsàn.

Ìtàn

Ilé àwọn ọ̀mùtí ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Wọ́n dá Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀mùtí ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́, sílẹ̀ ní Akron, ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1935. Àwọn ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ rí i pé ọtí tí àwọn kò fẹnu kàn ti ṣe àwọn náà léṣe. Lois Wilson àti Anne B. sì dá Al-Anon sílẹ̀ fún irú wọn ní 1951. Ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1970 ni codependency di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olùtọ́jú, pàápàá ní Minnesota. Ọdún 1986 ló wọ ìgboro: ìwé Melody Beattie, Codependent No More, jáde, Co-Dependents Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó rí codependency lára ara wọn, bẹ̀rẹ̀ ní Phoenix, Arizona, oníṣègùn ọpọlọ Timmen Cermak sì dábàá pé kí wọ́n fi í sínú DSM. Wọn kò gbà.

Ipa rẹ̀ lórí mímọ ara ẹni

Ìyàwó ọ̀mùtí a máa tẹ ọ̀gá ọkọ rẹ̀ láago láàárọ̀ pé ibà ń ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ọtí àná ni kò tíì dá lójú rẹ̀. Bó bá dalẹ́, á tẹ́tí sí bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń yí lẹ́nu ọ̀nà, torí ìró yẹn ló máa sọ irú ẹni tí òun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, bóyá aláwàdà tàbí ẹni tí kò gbọdọ̀ fọhùn. Bó bá pẹ́, tí wọ́n bá bi í pé oúnjẹ wo ló wù ú, èyí tí ọkọ fẹ́ràn ló máa dárúkọ, kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́.

Karen Horney, oníṣègùn ọpọlọ, ti kọ̀wé ní 1945 nípa àwọn tó ń fi títẹ́ àwọn ènìyàn lọ́rùn wá ààbò. Nínú ìwádìí kan tí Ingrid Bacon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Britain, àwọn ènìyàn 8 tó pe ara wọn ní codependent sọ pé àwọn kò mọ irú ẹni tí àwọn jẹ́ dáadáa. Wọ́n sì so ó mọ́ bí òbí ṣe pa wọ́n tì tàbí tẹ̀ wọ́n lórí ba ní kékeré. Ènìyàn 8 kéré, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí àwọn olùtọ́jú ń gbọ́ mu.

Ìgbà tí ọ̀mùtí bá jáwọ́ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń hàn jù. Àwọn kan nínú àwọn tó ti ń bo àṣírí rẹ̀ kì í yọ̀. Ńṣe ló dà bíi pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àríyànjiyàn

Jo-Ann Krestan àti Claudia Bepko, àwọn olùtọ́jú ìdílé, kọ̀wé ní 1990 pé ohun tí àwùjọ fi kọ́ obìnrin ni wọ́n tún padà wá ń pè ní àìsàn. Bákan náà, òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé ka àṣà dídá dúró lè ṣi ìdílé tí gbígbọ́ bùkátà ẹbí ti jẹ́ ojúṣe díwọ̀n.

Ìtọ́jú

Ìpàdé ẹgbẹ́ onígbèsẹ̀ 12, irú ti Alcoholics Anonymous, àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú olùtọ́jú, nígbà mìíràn tẹbí-tará, ló wọ́pọ̀.