Àwọ̀ Lọ, Omi Ò Tíì Mọ́: Bí Kòkòrò Àìfojúrí Ṣe Ń Jẹ Aró Òyìnbó

Ẹni tó bá ti pa aṣọ láró rí ní Ògìdì Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí, mọ̀ pé yíyọ aṣọ nínú aró kọ́ ni òpin iṣẹ́. Omi tí a fi ṣan án ṣì wà nílẹ̀. Tó bá jẹ́ aró pupa inú ike la lò, ẹ padà síbi tí a da omi náà sí lọ́jọ́ kejì: etí gọ́tà á ṣì pọ́n bí ẹni da epo sí i.

Kò yà mí lẹ́nu. Láti 1856 tí William Perkin, onímọ̀ kẹ́mísírì kan, ti ṣe aró òyìnbó (aró oníkẹ́míkà) àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí àwọn tó ń ṣe é ń wá ni aró tí oòrùn, ọṣẹ àti òógùn kò ní lè ṣí. Èyí tó ju ìdajì aró òyìnbó lọ lónìí ni wọ́n ń pè ní azo: átọ́ọ̀mù náítírójìn méjì di ara wọn mú láàárín rẹ̀ bí afárá. Afárá yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ojú rí àwọ̀.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan mọ bí wọ́n ṣe ń já a. Ẹ kó wọn sínú táńkì omi aró tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, kí ẹ fún wọn ní oúnjẹ, bíi ṣúgà. Bí wọ́n ti ń jẹun, ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù, ìyẹn ẹyọ kékeré inú átọ́ọ̀mù, ń jáde lára oúnjẹ náà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbé e sí. Afẹ́fẹ́ ni wọn ì bá gbé e fún, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀. Wọ́n á gbé e fún afárá yẹn, afárá á já, àwọ̀ á lọ.

Ìkòkò èlú àwọn ìyá wa kò jìnnà sí èyí. Wọ́n á po ewé èlú mọ́ omi eérú, wọ́n á bò ó, kòkòrò inú rẹ̀ á fi aró búlúù pamọ́. Aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ yẹ́lò. Kí ẹ tó nà án sórí okùn tán, afẹ́fẹ́ á ti sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Àwọ̀ kò kú, ó kàn sá pamọ́ ni.

Ti azo kì í padà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ohun tó kù lẹ́yìn tí afárá já ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní amine, kò ní àwọ̀, àwọn kan nínú rẹ̀ sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 2002 dá aró azo tó lè tú irú amine 22 kan sílẹ̀ lẹ́kun nínú aṣọ tó ń kan ara. Nítorí náà, ẹni tó bá fi omi funfun hàn yín, ẹ bi í pé táńkì kejì ńkọ́? Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí omi, kí àwọn kòkòrò mìíràn lè jẹ amine náà.

Irú olú kan tún wà. Ẹ fọ́ igi tó ti jẹrà lóko, ẹ ó rí ibi tó funfun, tó rọ̀ bí òwú. Olú tó ń jẹ igi bẹ́ẹ̀, irú Phanerochaete chrysosporium, lè jẹ aró pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, omi tó kan díẹ̀ ló sì fẹ́, nígbà tí omi aró sábà máa ń kún fún sódà àti iyọ̀.

Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ táńkì kún fún kòkòrò tó ti mọ iṣẹ́. Wọ́n máa ń bu díẹ̀ sínú táńkì tuntun, bí ẹlẹ́mu ṣe ń fi gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ àná sílẹ̀ nínú kèrègbè kí ẹmu òwúrọ̀ lè tètè kan.