Ẹ Dẹ Ọwọ́ Lára Gègé Yẹn

Lọ́yà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, gbé gègé alátàdáwà rẹ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì jókòó tó ti ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì o. Oṣù méjì péré ni mo fi lò ó!” Mo tú gègé náà, mo fi awò sójú, mo kọ ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ẹnu irin náà ti ya kúrò lára ara wọn bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ fo gọ́tà. Kò sẹ́ni tó lù ú ní jìbìtì. Báírò ló ti ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́.

Tàdáwà inú báírò ki, bọ́ọ̀lù bíńtín kan ló sì ń yí lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, kò ní yí. Ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi nìyẹn. Gègé alátàdáwà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tàdáwà tirẹ̀ ń ṣàn bí omi. Ẹnu irin rẹ̀ là sí méjì láàárín, ahọ́n dúdú kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fín ojú ọ̀nà wẹ́wẹ́ sí. Bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì gòkè láìsí ẹni tó ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn ń fa tàdáwà wá sẹ́nu, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé láti dípò èyí tó jáde. Lewis Waterman gba ìwé àṣẹ lórí irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1884, ọgbọ́n kan náà la sì ń lò dòní. Kí ni agbára wá fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ìwúwo gègé náà nìkan ti tó. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn ti àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, kẹ́ ẹ dì í mú débi pé ọmọdé lè fà á yọ lọ́wọ́ yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra gègé lọ́wọ́ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé, “Orí ìwé wo lẹ fẹ́ máa fi kọ ọ́?” Mo máa ń ní kí wọ́n mú ìwé náà wá. A ó fa ìlà mẹ́ta sí i, a ó dúró díẹ̀, a ó ṣí i wẹ̀yìn. Bí ìlà náà bá ta gbòǹgbò, tó sì yọ sẹ́yìn, bébà náà ń mu tàdáwà jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ọmọ iléèwé wa ló rí bẹ́ẹ̀, ẹnu tóóró ló sì lè bá wọn gbé.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá tún ní ìdí mìíràn láti fẹ́ ẹnu tóóró. Ẹ fi ẹnu tó nípọn kọ “ọkọ̀” àti “ọkọ́” sórí bébà burúkú, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa mọ èyí tí wọ́n ń wọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń ro oko. Àmì òkè á wú di ojú eṣinṣin, àmì ìsàlẹ̀ á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. F, ìyẹn ẹnu tóóró, ni kẹ́ ẹ wò lára gègé, tàbí EF, èyí tó tóóró jù ú lọ. Ẹ sì rántí pé F ti Japan sábà máa ń tín-ín-rín ju F ti Jámánì lọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, gègé Preppy ti ilé-iṣẹ́ Platinum, èyí tí wọ́n kọ 03 (ẹnu tóóró nìyẹn) sí lára, ni mo fẹ́ràn jù. Kò wọ́n, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sì sọ pé tàdáwà inú rẹ̀ lè wà lódindi ọdún kan láìgbẹ bí ìdérí bá wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ìka rẹ̀ kì í dúró sójú kan lè wo Lamy Safari, tí ará Jámánì ti ń ṣe láti 1980: wọ́n gbẹ́ ibi ìdìmú rẹ̀ kí ìka lè mọ ibùjókòó rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ Pilot tó ń jẹ́ Kakuno, ojú tó ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n fín sẹ́nu rẹ̀, kí ọmọdé lè mọ ìhà tó yẹ kó kọjú sókè. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tó nílò ojú yẹn.

Ẹ má torí wúrà da owó nù. Wúrà kì í kan bébà. Irin líle mìíràn ni wọ́n jó mọ́ ṣóńṣó ẹnu gègé, ì báà jẹ́ ti wúrà tàbí ti irin lásán.

Ohun tó ń pa gègé jù lẹ́yìn títẹ̀ ni tàdáwà tí kì í ṣe tirẹ̀. Tàdáwà òǹtẹ̀, tàdáwà àwọn ayàwòrán, gbogbo wọn ló ń dì sínú ọ̀nà wẹ́wẹ́ yẹn. Ẹ máa fọ gègé yín lóṣooṣù pẹ̀lú omi tútù, kì í ṣe omi gbígbóná. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ abọ́ omi, ẹ ó rí àwọ̀ búlúù tó ń jáde bí òwú, tó ń yí ká nínú omi kó tó pòórá. Nígbà tí omi kẹta bá mọ́, ó ti tó. Lásìkò ọyẹ́, ẹ dé e kẹ́ ẹ tó dáhùn fóònù. Bí ẹ bá ń wọ bàálù, ẹ rọ ọ́ kún tàbí kẹ́ ẹ dà á nù tán, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń wú lókè, yóò sì ti tàdáwà sí yín láyà. Rìsíìtì tó ní kábọ́ọ̀nù lábẹ́, báírò ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́. Iṣẹ́ agbára nìyẹn.

Mo ti tẹ ẹsẹ̀ ẹnu gègé lọ́yà yẹn padà, àmọ́ n kò tíì dá a padà fún un. Preppy ló ń fi kọ̀wé báyìí. Ó pè mí lánàá pé òun ò gbọ́ kó máa ha bébà mọ́, ṣé kò bàjẹ́?