Ta ló ń nu gíláàsì náà? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ ilé ní Amẹ́ríkà

Kí ló wà nínú àwọn àwòrán yìí tí wọ́n fi di ohun tí à ń sọ?

Àwòrán méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú ara yín. Ní 1967, David Hockney, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ní Califọ́níà, ya adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan tó wà níwájú ilé olówó. Oòrùn mú, ilé mọ́ tónítóní, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sínú omi, omi sì ta sókè. Ẹni náà ti rì sísàlẹ̀, a ò rí i. Àkọlé rẹ̀ ni A Bigger Splash.

Ní 2013, ayàwòrán kan ní Los Angeles tún un yà. Adágún yẹn náà ni, ilé yẹn náà ni, ṣùgbọ́n omi ò ta mọ́. Ọkùnrin kan dúró létí omi, ó ń fi àwọ̀n onígi gígùn kó ìdọ̀tí kúrò. Obìnrin kan ń nu gíláàsì ilé. Ó pe tirẹ̀ ní No Splash. Ohun tó fi kún un kò pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti rí i kò ní lè wo ti Hockney bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Ta ni ayàwòrán náà?

Ramiro Gomez ni orúkọ tó ń jẹ́ nígbà yẹn. Jay Lynn Gomez ló ń jẹ́ báyìí. San Bernardino ní Califọ́níà ni wọ́n bí i sí ní 1986. Mẹ́síkò ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ìyá rẹ̀ ń tún ilé ẹ̀kọ́ ṣe, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ní 2009, ó gba iṣẹ́ ọmọ títọ́jú lọ́dọ̀ ìdílé olówó kan ní Los Angeles, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń ṣàfihàn ilé aláràbarà kún ilé náà. Ẹ ti rí irú wọn: pálọ̀ tó tẹ́jú, àga olówó gọbọi, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀. Gomez mú ọ̀dà, ó ń ya òṣìṣẹ́ sínú fọ́tò wọ̀nyẹn. Obìnrin kan ń nu tábìlì nínú kíṣìnnì, òmíràn gbé ọmọ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Kí ló dé tí kì í ya ojú sí wọn?

Ohun tó máa ń rú èèyàn lójú jù nìyí, ibẹ̀ gan-an sì ni mo rò pé agbára iṣẹ́ náà wà. Ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń wà níbi tó yẹ kí ojú, imú àti ẹnu wà.

Tó bá ya ojú sí wọn, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá inú obìnrin náà dùn, bóyá ó ń jìyà. Àánú rẹ̀ á ṣe wá, a ó sì kọjá lọ. Nígbà tí kò sí ojú, iṣẹ́ ló kù tí a máa wò: ẹ̀yìn tó tẹ̀, apá tó nà sókè, orúnkún tó wà nílẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí rí á dá ìdúró yẹn mọ̀ láìrí ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ilé ńkọ́? Ó ti lè gba obìnrin kan síṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ láìjẹ́ pé ó lè sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Òun ni àwòrán náà ń bá wí.

Páálí tó máa ń gbé sójú ọ̀nà ńkọ́?

Ó máa ń gé páálí bí èèyàn, á kùn ún ní ọ̀dà, á sì lọ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àwọn ilé ńláńlá ní Beverly Hills. Ẹni tó ń gé koríko ni, tàbí ẹni tó ń kó ewé jọ. Ní 2012, nígbà tí Ààrẹ Obama lọ síbi àpèjẹ ìkówójọ fún ìdìbò nílé òṣèré George Clooney, Gomez gbé páálí òṣìṣẹ́ síta lágbègbè ilé náà. Wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó kó wọn kúrò. Páálí tí a ń jù nù ló sì lò: bí ìlú ṣe ń ka àwọn tó yà síbẹ̀ náà nìyẹn.

Ṣé òun nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Rárá o. Ní 1994, Yolanda López, ọmọ San Diego, ṣe iṣẹ́ kan tó pè ní The Nanny: ó gbé aṣọ iṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ kọ́, ó sì fi ìpolówó ọjà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí obìnrin aláwọ̀ funfun àti obìnrin ìbílẹ̀ ti jọ wà, kí a lè rí i pé ọ̀kan ni ọ̀gá. Dulce Pinzón, ayàfọ́tò ará Mẹ́síkò, wọ ẹ̀wù akọni inú eré fún àwọn òṣìṣẹ́ ní New York. Olùtọ́jú ọmọ wọ ti Catwoman. Ó kọ iye owó tí oníkálukú ń fi ránṣẹ́ sílé sábẹ́ fọ́tò.

Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kí ló wá dé tí wọn ò là?

Àwọn àgbà ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Àmọ́ tí òfin bá yọ iṣẹ́ kan sílẹ̀, oògùn náà ò ní jẹ́. Òfin Amẹ́ríkà ti 1935 fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ka àwọn tó ń ṣiṣẹ́ inú ilé kún. Òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù, ti 1938, yọ wọ́n sílẹ̀ bákan náà. Nígbà yẹn, obìnrin aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n. Nígbà tó yá ni àwọn obìnrin láti Mẹ́síkò àti Gùátẹ̀málà wá kún un.

Ọdún 1974 ni wọ́n tó mú ọ̀pọ̀ wọn wọ abẹ́ òfin owó iṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n yọ àwọn tó ń tọ́jú arúgbó sílẹ̀. Ìlànà tí ìjọba ṣe ní 2013, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 2015, ló gba ọ̀pọ̀ nínú wọn wọlé. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tó ń tọ́jú arúgbó ní Houston tàbí Maryland á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa náà. New York ni ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣòfin ẹ̀tọ́ fún òṣìṣẹ́ ilé, ní 2010. Califọ́níà ṣe tirẹ̀ ní 2013, ọdún tí Gomez ya No Splash.

Àwọn olówó kan náà kọ́ ló ń ra àwòrán yìí?

Àwọn náà ni, ó sì ń dùn mí. Ní 2018, àwòrán Hockney mìíràn tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nínú tà ní mílíọ̀nù 90.3 dọ́là ní New York. Ẹni tó ń fọ irú adágún bẹ́ẹ̀ ò lè ra férémù rẹ̀. Síbẹ̀ n kò ní sọ pé kí Gomez má tà. Tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ara ògiri wọn, òṣìṣẹ́ tí wọn kì í wò ti wà ní pálọ̀ nìyẹn, níbi tí àlejò á ti béèrè ẹni tó jẹ́.

Níbo la ti lè rí wọn?

A Bigger Splash wà ní ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Tate ní Lọ́ńdọ̀nù. No Splash wà ní Museum of Contemporary Art San Diego. Tí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi orúkọ méjèèjì wá a, torí Ramiro ló ṣì wà lára ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀. Ẹ gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó wò wọ́n.