Ohun Tí À Ń Rí Nínú Báàgì Yín

Àwa márùn-ún la máa ń pàdé ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí kálukú bá ti kírun Ìṣáì tán. Mẹ́rin nínú wa ló ní ìwé àṣẹ láti wa bàálù kékeré, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ọ̀kan jẹ́ dókítà, ọ̀kan ń ta símẹ́ńtì, àwọn méjì tó kù jẹ́ olùkọ́ yunifásítì. Wọ́n kàn fẹ́ràn òfurufú ni. Èmi nìkan ni mi ò mọ bàálù wà. Ẹ̀ka ààbò ni mo ti ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò, fún ohun tó lé ní ogún ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń wà nílẹ̀ fún wa: ìṣèlú, ìrìn àjò, àti òfin ààbò ní pápákọ̀ òfurufú. Ìṣèlú ló ń jẹ àkókò jù, ṣùgbọ́n òfin ààbò ló ń gbóná jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dókítà fi ìbínú wọlé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé ni, ó lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìlọrin ló ti wọ bàálù lọ sí Èkó kó tó wọ ti òkè òkun, Ìlọrin náà ni wọ́n sì ti tú báàgì rẹ̀ palẹ̀ lójú èrò.

“Alhaji, ẹ gbọ́ o. Mo fi ìwé àṣẹ mi hàn wọ́n, mo ní èmi náà ń wa bàálù. Ọmọbìnrin yẹn ò tiẹ̀ wojú mi. Èlùbọ́ ló ń fọwọ́ tẹ̀ kiri bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀.”

Mo bi í pé, “Níbo lo kó wáyà ṣájà rẹ sí?”

Ó ronú díẹ̀. “Orí èlùbọ́ náà ni.”

Mo ní ó ti tán, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ka ìwé mi yìí ni ẹ ti bínú bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọbìnrin yẹn rí fún yín.

Ẹ̀rọ náà kì í ya ẹrù bí fóònù ṣe ń ya fọ́tò. Ìtànṣán ló ń gba inú báàgì kọjá, ó sì ń wo bí ohun kọ̀ọ̀kan ṣe dí i lọ́nà tó. Àwọ̀ mẹ́ta ló máa ń jáde lójú kọ̀ǹpútà. Irin líle bí ọ̀bẹ àti kọ́kọ́rọ́ máa ń jáde ní búlúù. Irin fúyẹ́fúyẹ́ bí alumíníọ̀mù, àti àwọn nǹkan tó dàpọ̀ mọ́ra, máa ń jáde ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n aṣọ, ìwé, búrẹ́dì, gàrí, ọṣẹ, òrí, gbogbo ohun tó bá ti ara igi, ewéko, ẹran tàbí epo wá, àwọ̀ ọsàn ló ń mú jáde. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi ń ṣe àdó olóró náà, àwọ̀ ọsàn kan náà yìí ni.

Èlùbọ́ kílò mẹ́ta tí a rọ sínú ọ̀rá, tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gba àyè, kì í jọ èlùbọ́ lójú ẹ̀rọ. Ó máa ń jọ búlọ́ọ̀kù kan tó ki, tó pọ́n bí ọsàn. Bí wáyà bá wá lọ́ sórí rẹ̀, tí bátìrì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ara yín sípò ẹni tó jókòó síbẹ̀: nǹkan tó ki ní àwọ̀ ọsàn, wáyà, bátìrì. Àwòrán tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá rí i tí kò dá báàgì náà dúró kò yẹ kó jókòó síbẹ̀. Ọṣẹ dúdú tún le ju èlùbọ́ lọ, nítorí pé ó ki, ó sì rọ̀. Mo ti tú ọṣẹ dúdú tí ìyá àgbà kan láti Òmù-Àrán ń gbé lọ fún ọmọ rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn kí n tó tú u àti lẹ́yìn tí mo tú u tán. Mi ò lè ṣe kí n má tú u.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ò gbọ́ rí. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń dán wa wò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lè mú àwòrán ìbọn tàbí àdó olóró tí kò sí níbẹ̀, kó gbé e sórí àwòrán báàgì ẹni tó ń kọjá. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì pé o rí i, yóò sọ fún ọ pé ìdánwò ni. Bí o kò bá rí i, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ. Ìdí nìyí tí ojú ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kì í fi í kúrò lójú ẹ̀rọ láti wo ìwé àṣẹ tí Dókítà ń nà sí i. Ìlànà tó dára ni pé kí ẹnì kan má jókòó síbẹ̀ ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí ẹlòmíràn tó gbà á, torí ojú ń rẹ̀ ẹ́, ojú tó bá sì ti rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń wò mọ́.

Wọ́n gbà fún mi lórí èlùbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dun Dókítà gan-an kò tíì kúrò nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fa gbogbo ẹ̀mí inú bàálù lé lọ́wọ́, kí ni wọ́n ń wá nínú báàgì rẹ̀? Bó bá fẹ́ ṣe ibi, ṣé ó nílò ìbọn ni?

Ní ọjọ́ 7, oṣù Ọ̀pẹ̀, ọdún 1987, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ bàálù Pacific Southwest Airlines 1771 ní California. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bàálù ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Káàdì iṣẹ́ rẹ̀ tí wọn kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi kọjá láìsí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá tó lé e wà nínú bàálù náà. Bó ṣe yìnbọn nìyẹn, bàálù já, èèyàn 43 kú, ẹnì kan kò yè. Lẹ́yìn ìyẹn ni Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àwọn awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ bàálù máa gba ibi ìyẹ̀wò bí èrò ṣe ń gbà á.

A kì í yẹ ọkàn èèyàn wò, a ò tiẹ̀ ní ẹ̀rọ rẹ̀. Káàdì ṣeé jí. Aṣọ iṣẹ́ ṣeé rán lọ́dọ̀ télọ̀. Báàgì awakọ̀ ṣeé ki nǹkan bọ̀ nígbà tó bá ń jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì. Bí a bá ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ẹni rere, ọ̀nà yẹn náà ni ẹni burúkú yóò wá aṣọ ẹni rere wọ̀ gbà.

Ibẹ̀ ni onísímẹ́ńtì ti gbé ìṣèlú dé. Ó ní, “Ó dáa náà. Àwọn ọ̀gá tó ń kọjá pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn mẹ́fà ńkọ́? Ta ló ń tú tiwọn?”

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gidigidi. Pápákọ̀ òfurufú tiwa níbí, orúkọ Ọ̀gágun Túndé Ìdíàgbọn ló ń jẹ́, ọmọ Ìlọrin, tó jẹ́ igbákejì Buhari nígbà tí wọ́n gbé ogun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1984. Ẹni tó bá dàgbà lásìkò náà rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì. Kí ènìyàn wá máa já ìlà lábẹ́ orúkọ ọkùnrin yẹn, mi ò rí ọ̀rọ̀ tó tó o. Ní oṣù Èbìbì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ pinnu pé gbogbo èèyàn, títí kan Ààrẹ, ni yóò máa san owó ẹnu géètì ní pápákọ̀ òfurufú. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n owó géètì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì.

Ní pápákọ̀ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà kan, ọ̀gá ńlá kan dé, ẹni tó ń lọ níwájú rẹ̀ sì ní kí a má fi àkókò ọ̀gá ṣòfò. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé àwọn báàgì náà sórí ẹ̀rọ. Nínú ọ̀kan, mo rí ọta ìbọn mẹ́jọ nínú ohun tí wọ́n ń kó o sí, wọ́n tò bí eyín àgbàdo. Ọ̀gá kò mọ̀. Ọmọ tó gbé báàgì kò mọ̀. Ẹ̀ṣọ́ wọn kan ló yá báàgì náà lò lọ́jọ́ Àìkú, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá náà mú mi lọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì bínú mọ́. Nígbà tí mo bá sọ fún yín pé ẹni tó ni báàgì lè má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ojú mi ló rí i.

Ìṣèlú fúnra rẹ̀ sì ti wọ bàálù rí lórílẹ̀-èdè yìí. Ní ọjọ́ 25, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1993, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin já bàálù Nigeria Airways tó ń ti Èkó lọ sí Àbújá gbà, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Niamey, nítorí ìbò June 12 tí wọ́n fagi lé. Àwa márààrún la dìbò lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ náà sì dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ bàálù náà kò padà sílé. Lálẹ́ Jímọ̀ yẹn, nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, a dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi kò gbọdọ̀ gba àkókò wa. Oṣù Ògún ọdún 2006 ni ọlọ́pàá Ìlú Gẹ̀ẹ́sì mú àwọn tó fẹ́ fi ike ohun mímu gbé àdó olóró olómi wọ bàálù. Ibẹ̀ ni òfin mílílítà 100 ti wá, torí ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè fi omi lásán hàn yàtọ̀ sí omi burúkú. Ẹ̀rọ tuntun tó ń yí báàgì wò káàkiri lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí àwọn pápákọ̀ kan ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fi ti ń jẹ́ kí èèyàn gbé tó lítà méjì. Ibi tí ẹ̀rọ àtijọ́ bá ṣì wà, 100 náà ni. Ẹ rántí pé oyin, òrí àti ata díndín wà lára ohun olómi lójú òfin yìí. Ẹ̀yin alálàájì, Zamzam tí wọ́n bá fún yín ní páálí rẹ̀ ni kí ẹ gbà, ẹ má fi ike rẹ̀ pamọ́ sáàárín aṣọ nínú àpótí.

Power bank ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí nọ́ńbà tó parí sí mAh. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 3.7, kí ẹ fi 1,000 pín in; iye tó bá jáde ni ìwọ̀n agbára rẹ̀, tí wọ́n ń kọ ní Wh. Èyí tó bá jẹ́ 20,000 yóò fún yín ní 74, ó wọlé. Èyí tó bá jẹ́ 30,000 yóò fún yín ní 111. Ó ti kọjá 100, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù. Tó bá ti kọjá 160, kò sáyè. Báàgì ọwọ́ ni ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe àpótí tó ń lọ sí ikùn bàálù. Bátìrì yìí lè dédé gbiná. Bó bá gbiná lọ́dọ̀ èrò, ẹnì kan yóò rí i, wọn yóò da omi lù ú. Nínú ikùn bàálù, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, iná sọ nínú pẹpẹ ẹrù òkè orí èrò nínú bàálù Air Busan kan ní South Korea, nígbà tó ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ power bank ló fà á. Gbogbo èèyàn sá jáde láàyè, ṣùgbọ́n bàálù náà jóná. Ẹ fi tiyín sí ibi tí ojú yín ti lè tó o.

Ní ti ara èèyàn, férémù tí ẹ ń gbà kọjá kì í ṣe X-ray. Irin nìkan ló ń gbọ́. Kò ní ṣe aboyún ní nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn ni kó kọ́kọ́ sọ fún òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń lo híjáàbù tàbí níkáàbù, obìnrin ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ yín wò, ẹ sì lè ní kó jẹ́ nínú yàrá. Ẹ béèrè fún un, ẹ̀tọ́ yín ni. Tírà tàbí oògùn tó wà lára yín, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Mo ti rí àfáà kan tí ìtìjú mú kó máa gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ìrìn ìṣẹ́jú kan sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ni ì bá tán an. Ohun kan péré tí mi ò lè fi sílẹ̀ nínú oògùn ni mẹ́kúrì, irin olómi tó ń yí gbirigbiri bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ń jẹ alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù ló sì pọ̀ jù lára ọ̀pọ̀ bàálù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Dókítà pè mí. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ lọ sí Jámánì lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n ti da ẹrù sórí tábìlì. Ó ń ka orúkọ wọn fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí òrí lọ sínú àpótí ńlá, kí wáyà wà nínú ọ̀rá tiwọn lọ́tọ̀, kí wọ́n rọ èlùbọ́ sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí wọ́n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí ìwé, kó wà lókè pátápátá.

“Wàrà ńkọ́? Ọmọ ní wàrà ni òun ń fẹ́.”

Mo ní wàrà kò lè lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kì í gba ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe lọ́wọ́ èrò tó ti ọ̀dọ̀ wa wá. Mo gbọ́ tó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n dákẹ́, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọ̀rá tí ìyá ọmọ ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ lórí tábìlì, tó ń lé afẹ́fẹ́ inú èlùbọ́ jáde díẹ̀díẹ̀.