Odò Gba Ọta, Kò Gba Ọkọ̀: Bí Táìlì Ṣe Ń Darí Ìrìn àti Ìbọn Nínú Géèmù

Nínú Battle City, géèmù ọkọ̀ ogun tí ilé-iṣẹ́ Namco gbé jáde ní Japan lọ́dún 1985, ọkọ̀ kékeré kan lè dúró létí odò kí ọkọ̀ ọ̀tá wà ní òdìkejì. Bí ẹni tó ń gbá géèmù náà bá tẹ bọ́tìnì ìrìn títí ilẹ̀ fi ṣú, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní wọ omi. Ṣùgbọ́n bó bá yìnbọn, ọta á gba orí omi kọjá, á lọ fọ́ ọkọ̀ tó wà lọ́hùn-ún. Odò kan náà ló dá ọkọ̀ dúró, òun náà ló yọ̀ǹda ọta. Kò sí ìṣirò bí omi ṣe jìn tó níbẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú àtẹ nọ́ńbà tí géèmù fi ṣe máàpù ló dáhùn ìbéèrè méjèèjì.

Táìlì tí à ń wí yìí kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ pálọ̀: onígun mẹ́rin ni, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀rọ Famicom tí Nintendo ṣe lọ́dún 1983, tí wọ́n kọ Battle City fún, máa ń fi táìlì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 8 (píksẹ́lì ni ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán ojú ẹ̀rọ) tẹ́ gbogbo ilẹ̀ géèmù. Táìlì 32 ló wà ní ìbú, 30 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 960. Ẹ̀rọ náà kì í tọ́jú àwòrán 960. Nọ́ńbà ló ń tọ́jú, báìtì kan (àyè tó gba nọ́ńbà kékeré kan) fún táìlì kan, pé ibí yìí jẹ́ bíríkì, ibí yìí jẹ́ irin, ibí yìí jẹ́ omi. Nígbà tí RAM, ìyẹn ibi ìrántí ẹ̀rọ, tí géèmù fi ń ṣiṣẹ́ kò ju kílóbáìtì 2 lọ, kò sí àyè fún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ́n tí ipò àìní bí nìyẹn, ó sì dára débi pé àwọn tó ní kọ̀ǹpútà ńlá lónìí ṣì ń lò ó.

Pápá ìjà Battle City gba táìlì 26 ní ìbú àti 26 ní òró. Láti mọ ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀, géèmù kì í wo àwòrán rárá, ó kàn ń pín nọ́ńbà ni. Ká ní igun òkè apá òsì ọkọ̀ wà ní píksẹ́lì 100 láti ẹ̀gbẹ́ òsì, àti 60 láti òkè. Tí a bá fi 8 pín 100, 12 ló jẹ́, ó ku 4. Tí a bá fi 8 pín 60, 7 ni, ó ku 4. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìkà láti òdo, táìlì kejìlá lórí ìlà keje nìyẹn. 7 lọ́nà 26 jẹ́ 182. Fi 12 kún un, ó di 194. Géèmù á na ọwọ́ sí ipò 194 tààrà, bí ọwọ́ ọ̀tayò ṣe ń lọ sínú ihò tó fẹ́ ko. Bí ògiri bá tó igba lórí pápá, kò ní bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bóyá ọkọ̀ ti kàn án.

Ohun tó ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ géèmù lọ́nà ni pé wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ síwájú ná, kí wọ́n tó wò ó bóyá ó ti wọ ògiri, tí wọ́n á wá máa wá ọ̀nà láti fà á jáde. Iwájú ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sápá ọ̀tún, táìlì tí etí ọ̀tún rẹ̀ fẹ́ kàn la máa bi léèrè, bó bá kọ̀, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Ọkọ̀ yìí sì fẹ̀ tó píksẹ́lì 16. Bí ó bá dúró déédéé, táìlì méjì ló wà níwájú rẹ̀. Bí kò bá dúró déédéé, mẹ́ta ni, ẹni tó bá sì wo igun méjèèjì nìkan á fo èyí tó wà láàárín.

Ìdúró déédéé yìí tún kan àlàfo. Ọ̀nà tó wà láàárín ògiri méjì sábà máa ń fẹ̀ tó ọkọ̀ gan-an, píksẹ́lì 16 sí 16. Bí ọkọ̀ bá fi píksẹ́lì kan ṣoṣo yẹ̀, kò ní lè wọlé, ẹni tó ń gbá a á sì rò pé bọ́tìnì ló bàjẹ́. Battle City tọ́jú ìyẹn: bí ọkọ̀ bá ti yí kọ́nà, géèmù á rọra tì í sórí ìlà táìlì tó sún mọ́ ọn jù. Ojú kì í tètè rí i, àmọ́ ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Ọta ní wàhálà tirẹ̀, eré sísá. Ẹ̀rọ náà ń tún àwòrán yà bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọta tó ń fi píksẹ́lì 4 lọ nígbà kọ̀ọ̀kan kò lè fo táìlì píksẹ́lì 8. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní 12, ó lè wà níwájú ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìgbà yìí, kó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ìgbà tó tẹ̀ lé e, láìkan táìlì ògiri náà rárá. Ojútùú rẹ̀ ni kí a gé ìrìn náà sí wẹ́wẹ́: kí ọta rin 4, kó béèrè, kó rin 4 mìíràn, kó tún béèrè, ṣáájú kí àwòrán tó yí padà.

Bíríkì ni iṣẹ́ ọwọ́ tó wú ni lórí jù nínú géèmù yìí. Búlọ́ọ̀kù bíríkì kan jẹ́ píksẹ́lì 16 sí 16, ìyẹn táìlì mẹ́rin. Táìlì kọ̀ọ̀kan tún pín sí ìdá mẹ́rin, ìdá kọ̀ọ̀kan sì lè wà tàbí kó ti fọ́. Bíìtì mẹ́rin (bíìtì kọ̀ọ̀kan ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́) tó fún un, ìrísí tó lè ní sì jẹ́ 16, láti bíríkì tó pé títí dé ilẹ̀ gbalasa. Àárín ọkọ̀ ni ọta ti ń jáde, nítorí náà ó sábà máa ń kan ibi tí táìlì méjì ti pàdé, àwọn méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ bi. Bí ọta bá ti ìsàlẹ̀ wá, ìdá méjì tó wà nísàlẹ̀ lára táìlì kọ̀ọ̀kan ló máa lọ. Ohun tó bọ́ kúrò lára ògiri fẹ̀ tó ọkọ̀, àmọ́ kò ga ju píksẹ́lì 4 lọ. Ọta mẹ́rin ló máa ṣí ọ̀nà nínú búlọ́ọ̀kù kan, bí èérún kan bá sì ṣẹ́kù lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ò ní kọjá. Máàpù tí ẹ̀rọ ń kà ni ọta ń tún kọ.

Igbó àti yìnyín rọrùn láti ṣàlàyé. Àwọn méjèèjì gba ọkọ̀, wọ́n sì gba ọta. Igbó kàn bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ojú ni, yìnyín sì ń mú kí ọkọ̀ yọ̀ síwájú díẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kúrò lórí bọ́tìnì. Nínú àwọn géèmù mìíràn, apá ibi tí èèyàn ti ń bọ̀ wà nínú ìbéèrè náà: nínú Pokémon tó jáde lọ́dún 1996, èèyàn lè fò sílẹ̀ láti orí etí òkè kékeré, kò sì lè gba ibẹ̀ padà sókè.

Ti irin yàtọ̀ díẹ̀. Kì í gba ọkọ̀, kì í gba ọta, àyàfi bí ọkọ̀ bá ti kó ìràwọ̀ mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀bùn tó ń fi agbára kún un. Ìgbà yẹn ni ọta rẹ̀ tó lè fọ́ irin. Ìdáhùn kò wá láti ọwọ́ táìlì nìkan mọ́, ọta náà ti gbé agbára tirẹ̀ wá. Ṣọ́bìrì, ẹ̀bùn mìíràn tí wọ́n ń ṣà nínú géèmù náà, kò ju ìpààrọ̀ nọ́ńbà lọ: bíríkì tó yí ẹyẹ idì tí agbágéèmù ń dáàbò bò ká á di irin fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á padà sí bíríkì. Táìlì kì í sì í béèrè ẹni tó yìnbọn. Bí ọta agbágéèmù fúnra rẹ̀ bá kan idì yẹn, eré ti parí.

Battle City fún agbágéèmù láyè láti tẹ́ pápá tirẹ̀. Ká ní ó fi odò dí àárín pápá láti òsì dé ọ̀tún. Òkè ni ọkọ̀ ọ̀tá ti ń wá, kò sì sí èyí tó máa lè sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ ọta á máa fò lọ fò bọ̀ lórí omi títí ogún ọkọ̀ ọ̀tá tó wà nínú ìpele kan á fi tán. Bó bá fi irin dípò odò lórí ìlà kan náà, ọkọ̀ kò ní kọjá, ọta kò ní kọjá. Kò sẹ́ni tó máa lè yìnbọn bá ẹnì kejì rẹ̀, ìpele náà kò sì ní parí láé.