Bí ilẹ̀ Ångermanland ṣe ń gbéra látinú òkun

Ní etíkun Ångermanland, ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ àtijọ́ ní àríwá Sweden, apẹja á kọ́ ilé tó ń gbé ọkọ̀ sí sétí omi. Tó bá fi máa di ayé ọmọ ọmọ rẹ̀, omi ti sún kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń ga sí i, nǹkan bíi mìlímítà 8 lọ́dọọdún. Ẹni tó bá lo ọgọ́rin ọdún níbẹ̀, ilẹ̀ á ti fi ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ ga lójú ayé ẹ̀. Ìyẹn kọjá orúnkún àgbàlagbà.

Yìnyín ló fà á. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín tó nípọn tó kìlómítà 3 bo ibẹ̀ pátá, ó sì tẹ ilẹ̀ rì. Àpáta tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún gbóná gan-an, ó sì ń rọra yẹ̀ fún ẹrù tó bá wúwo tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú padà, bíi tìmùtìmù tí ẹni tó jókòó lé e ti dìde. Àmọ́ tìmùtìmù yìí lọ́ra: kò tíì wú tán títí dòní.

Àwọn ará àtijọ́ rò pé omi ló ń fà. Anders Celsius pàápàá, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ka ooru, rò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1731, ó ní kí wọ́n fín àmì sára òkúta kan nítòsí Gävle, níhà gúúsù, kí wọ́n lè máa fi wọn omi òkun.

Òkè Skuleberget ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù. Igbó wà lórí rẹ̀ téńté, àpáta lásán ló wà nísàlẹ̀ igbó náà, bí orí tó dé fìlà. Orí òkè yẹn nìkan ló yọ sókè omi nígbà kan, torí náà iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kò lọ. Ìyókù, ìgbì fọ̀ ọ́ mọ́ féú. Ibi tí fìlà yẹn parí sí ni òkun dé tẹ́lẹ̀. Ó ti fi mítà 286 ga ju òkun òde òní lọ. Kò sí etíkun àtijọ́ míì láyé tí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ gbé ga tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí yìnyín ti yọ́. Ọdún 2000 ni UNESCO fi etíkun yìí sára àwọn ogún àgbáyé.

Àfonífojì tí wọ́n ń dáko sí báyìí, ìsàlẹ̀ òkun ni tẹ́lẹ̀. Apá òkun tó wọ àárín ilẹ̀ náà ń di adágún: ẹnu rẹ̀ á kọ́kọ́ gbẹ, omi òjò á wá máa fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀.