Èdè Tí Kò Nílùú, Ta Ló Ń Ṣe Kíbọ́ọ̀dù Rẹ̀?

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ní ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, lẹ́tà ẹgbẹ́, gbogbo ẹ̀ là ń tẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà ò yọjú, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi wo fóònù mi, ó rí àwọn lẹ́tà tó dé fìlà, ló bá da ìbéèrè bò mí.

Bọ̀ọ̀dá, èdè wo lẹ̀ ń kà yìí? Ìlú wo ni wọ́n ti ń sọ ọ́?

Esperanto ni. Kò nílùú. Dókítà ojú kan tó ń jẹ́ L. L. Zamenhof ló jókòó tó ṣe é fúnra rẹ̀, ìwé àkọ́kọ́ sì jáde ní Warsaw lọ́dún 1887. Ní Białystok tí wọ́n ti bí i, Júù, ará Pólándì, ará Rọ́ṣíà àti ará Jámánì ló jọ ń gbé, oníkálukú pẹ̀lú èdè tiẹ̀, ìjà ò sì tán láàárín wọn. Ó rò ó pé bí èdè kan bá wà tí kì í ṣe ti ẹnì kankan, ìjà á dín kù. Ìjà ò dín kù o, àmọ́ èdè náà ò kú.

Òfin gírámà 16 péré ló kọ sínú ìwé yẹn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì máa ń bí ọ̀rọ̀. *Kuiri* ni kéèyàn se oúnjẹ, *kuirejo* sì ni ilé ìdáná. *Lerni* ni kéèyàn kẹ́kọ̀ọ́, *lernejo* sì ni ilé ẹ̀kọ́. O rí i pé kò ṣàjèjì sí wa.

Àwọn lẹ́tà tó dé fìlà yẹn ńkọ́?

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lẹ́tà 28 ni wọ́n ní, mẹ́fà nínú wọn sì ní àmì lórí: ĉ, ĝ, ĥ, ĵ, ŝ àti ŭ. Kò sí wọn lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọjọ́ sí. Zamenhof fúnra rẹ̀ ní kẹ́ni tí ò bá ní wọn fi h rọ́pò àmì, kó kọ ch, kó kọ sh. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn kan ní x ló dáa jù: cx, sx. Ọgbọ́n ńlá ni. H wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn, ó lè da ọ̀rọ̀ rú, ṣùgbọ́n x ò sí níbẹ̀ rárá, nítorí náà kọ̀ǹpútà lè dá a padà sí ĉ láìṣìnà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú wọn wá kọ ètò kéékèèké tó jẹ́ pé bó o bá ti tẹ cx báyìí, ĉ ló máa hàn.

Ta ló ń sanwó fún wọn?

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sẹ́nì kankan. O mọ àró: oko mi lónìí, oko tìẹ lọ́la. O mọ ọ̀wẹ̀: olóko pe èèyàn jọ, ó sì se oúnjẹ fún wọn. Tiwọn ò jọ ọ̀kan nínú méjèèjì, torí oko náà ò ní olóko. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń kọ ìwé atúmọ̀ kan tó ń jẹ́ Reta Vortaro sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wikipedia tiwọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001, àpilẹ̀kọ inú rẹ̀ sì ti lé ní 300,000. Lórí Common Voice, níbi tí wọ́n ti ń kó ohùn èèyàn jọ kí kọ̀ǹpútà lè mọ ọ̀rọ̀ gbọ́, wákàtí tí wọ́n ti kà sílẹ̀ ju 1,000 lọ.

Yorùbá náà wà níbẹ̀, ni mo bá gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Gbólóhùn márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń gbé síwájú ẹni. O ó kà á sókè, ẹni tó ò mọ̀ rí á gbọ́ ọ níbi tó wà, á sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìkejì ló ń kà lọ́wọ́ tí onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa fi tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un kà.

Àwa tá a pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí àmì tiwa fi ń fún yín ní wàhálà?

Ó mọ ìdí tó fi béèrè. Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tẹ ìwé ètò ìsìnkú, igba ẹ̀dà, tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ mìíràn tí mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. «Ìyá wa ọ̀wọ́n» di «Ìyá wa □w□n». Àkọ́bí obìnrin olóògbé wo ìwé, ó wò mí. «Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fi ìyá wa ṣe?» Lówó ara mi ni mo tún un tẹ̀.

Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò. Àmọ́ ẹ́ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ àti àmì ohùn ni wọ́n máa ń so pọ̀, fọ́ǹtì tí ò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó á ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo dí i. Lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti Esperanto ní nọ́ńbà tiwọn.

Ìdí yẹn nìkan kọ́, lójú tèmi. Àwọn tó ń sọ Esperanto fọ́n káàkiri ayé, nínú ìwé kíkọ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń rí ara wọn. Bí kò bá sí kíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ ò lè délé ara wọn. Àwa ńkọ́? Ta ló nílò àmì kó tó ná gààrí ní ọjà Òkè-Ajé? Ebi rẹ̀ ò pa wá. Èmi tí mò ń sọ yìí, mi ò kí ń fi àmì sí i bí mo bá ń kọ̀wé sí ìyàwó mi lórí fóònù.

Ṣé gbogbo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa ń yọrí?

Rárá o. Ẹnì kan ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ìtara. Á ríṣẹ́, á bímọ, kò ní lè sanwó ojú òpó mọ́, ó parí. Nígbà mìíràn, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ṣe ẹ̀kọ́ Esperanto tó jáde lọ́dún 2015 lórí Duolingo, áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè. Nígbà tó di 2021, iléeṣẹ́ náà fòpin sí ètò àwọn olùyọ̀ǹda. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, agbára ló kúrò lọ́wọ́ wọn. Reta Vortaro ò rí bẹ́ẹ̀, torí ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, kó sì máa bá a lọ.

Bí mo bá fẹ́ ṣe tèmi, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Má sọ pé ìwé atúmọ̀ lo fẹ́ kọ. Ìyá ìyá rẹ ní Ìpẹru ń ta obì. Lọ jókòó tì í.

Ó lọ lópin ọ̀sẹ̀. Ó ní gbànja àti àbàtà nìkan lòun mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló kọ bọ̀, gbogbo wọn ló fàmì sí, méjì sì wà nínú wọn tí èmi náà ò gbọ́ rí.